OJÚ TÍ WỌ́N FI Ń WÒ Ọ́ LẸ́NU IṢẸ́

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 30:25–36, Ẹ́ksódù 31:1–6

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé ìrántí, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí a má tún kọ èyí tí gbogbo ayé ti gbọ́ tán. Nítorí náà, a mú ohun kan tí a ń bá pàdé nínú ilé àdúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a kì í sì í gun àga ìwàásù tìtorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni, àti ojú tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń wò wá.

Ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀bẹ̀ rí ní òru ìṣọ́ mọ ohun tí à ń wí. "Ọ̀gá mi kò fẹ́ràn mi." "Wọ́n ń fojú tín-ín-rín mi níbi iṣẹ́." "Ẹ bá mi gbà á ládùúrà, ọ̀tá ilé iṣẹ́ kò jẹ́ kí n gbèrú." Ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti àìsàn lọ nígbà mìíràn.

Arákùnrin kan wà láàrin wa tí òun fúnra rẹ̀ ní kí a sọ ìtàn òun, bí a kò bá ṣáà ti dárúkọ. Sitọ́kípà ni. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi di kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ mú. Àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ti gòkè, wọ́n ti kọ́lé, òun ṣì wà nídìí sìmẹ́ńtì àti páànù. Ó mú àbẹ́là méje wá, ó gbé omi wá, ó sì kọ orúkọ ẹni mẹ́ta sínú ìwé pé àwọn ni wọ́n so òun mọ́lẹ̀. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló ṣáájú. A gbàdúrà fún un. A kò sọ pé kò sí ọ̀tá láyé o. Ṣé àwa Aládùúrà la ó sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí a ti ń palẹ̀ mọ́, bàbá àgbà kan yíjú sí i, ó ní, "Ọmọ mi, ǹjẹ́ o ti bi ọ̀gá rẹ léèrè rí pé báwo ni òun ti ń rí iṣẹ́ rẹ sí?"

Arákùnrin wa dákẹ́. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò bèèrè rí. Ìdáhùn tó gbà nígbà tó bèèrè ń bọ̀ níwájú.

Àwọn àgbà ní, ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Onígbàjámọ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń ní dígí méjì. Yóò gbé ọ̀kan síwájú rẹ, yóò di ọ̀kan mú lẹ́yìn rẹ, kí ìwọ náà lè rí bí òun ti gé e. Lẹ́nu iṣẹ́, dígí ti iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò, ìyẹn ni èrò tí àwa fúnra wa ní nípa ara wa. Inú èrò yẹn la ti ń bínú sí ọ̀gá, inú rẹ̀ náà la ti ń gbé ara wa ga.

Ẹ má sì jẹ́ kí kíkí tàn yín. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí a má kí i. "Ẹ kú uṣẹ́ o!" A ń kí ẹni tó ń ro oko, a ń kí ẹni tó ń la kòtò, kódà a ń kí ọ̀lẹ tó fi ẹ̀yìn ti igi tó sì di ọkọ́ mú. Ọmọlúwàbí ló ní kí a kí i. Kíkí kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Ìsẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ wàyí, nítorí nílé ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Olówè. Èfọ̀n-Aláàyè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé, Ìsẹ̀ sì ni ayé fi ń pè é títí di òní. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ìránṣẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ láàfin Arínjalẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìránṣẹ́ jẹ́ láàfin. Òun ni wọ́n ń pè nígbà tí iṣẹ́ bá wà, kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè nígbà tí ẹran bá délẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Olówè mú igi, ó mú ọ̀bẹ, ó ń gbẹ́ òpó, ó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, títí òkìkí rẹ̀ fi jáde ní Ìsẹ̀ tí àwọn ọba ìlú mìíràn fi ń ránṣẹ́ sí i. Ìwé Òwe, orí 22, ẹsẹ 29, sọ ibi tí ẹni tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú yóò dúró. Olówè kò ka Bíbélì kó tó dúró níbẹ̀.

Láàrin 1910 sí 1914, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Ọ̀gọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọba. Ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn kan, alápá méjì. Ní apá òsì, Ọ̀gọ̀gà wà lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀, Kápútẹ̀nì Ambrose, àwọn ènìyàn gbé e lérí nínú àga àgbérù, àwọn aláàárù pẹ̀lú ẹrù. Àwọn ère inú rẹ̀ yọ jáde lára igi tó bẹ́ẹ̀ tí o fi máa rò pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀, orí wọn sì yí sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò wọ́n.

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀. A máa ń rò pé ọ̀gá nìkan ló ń wo ọmọ iṣẹ́. Nínú ilẹ̀kùn yẹn, ẹni tó ti jẹ́ ìránṣẹ́ ń wo ọba, ó ń wo òyìnbó, ó sì gbé ẹnìkọ̀ọ̀kan sí àyè tó rò pé ó tọ́ sí i. Ọba jókòó pẹ̀sẹ̀. Òyìnbó ká ẹsẹ̀ kò nínú àga tí àwọn ẹlòmíràn gbé. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi í sọ́kàn: ẹ̀yin náà ní ẹni tó ń gbẹ́ yín sára igi.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba òyìnbó ṣe fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu ya àwọn tó rí i. British Museum fẹ́ rà á. Ọ̀gọ̀gà kọ̀, kò tà á. Níkẹyìn, ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ṣe di ti Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹnìkan bá bi yín pé kí ni iye iṣẹ́ ìránṣẹ́ kan láti Ìsẹ̀, ẹ sọ fún un pé ìtẹ́ ọba ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Olówè kọ́ ló jókòó lórí ìtẹ́ yẹn. Àwọn tó yìn ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀kùn ni wọ́n yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn òyìnbó tó mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Olówè ti kú ní 1938. Òpó Ọ̀gọ̀gà kan dé Art Institute ìlú Chicago ní 1984. Ní 1998, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní Washington, wọ́n tẹ ìwé ńlá lé e lórí, wọ́n pè é ní agbẹ́gilére àwọn ọba. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú!

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn yìí kò sí ní Chicago. Ní 1988, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, gba ohùn ọ̀kan nínú àwọn aya Olówè tó ṣì wà láàyè sílẹ̀. Obìnrin náà ki oríkì ọkọ rẹ̀. Ó ka àwọn ìlú tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà, ó sì rántí pé wọ́n gbé nínú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. Àádọ́ta ọdún ni Olówè ti wà nínú sàréè. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń wádìí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn, orúkọ náà ti wà lẹ́nu ìyàwó nílé!

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan Aládùúrà kan ère ààfin. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ pàápàá. Àwa kò kọ́ yín láti bọ igi. Ṣùgbọ́n ẹ ka Ẹ́ksódù orí 31, kí ẹ wo ẹni tí Ọlọ́run pe orúkọ rẹ̀ fún Mósè. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe ọmọ ogun. Bésálẹ́lì ni, oníṣọ̀nà, ẹni tó ń gbẹ́ igi tó sì ń rọ wúrà, pẹ̀lú Òhólíábù ẹnìkejì rẹ̀. Bíbélì sọ orúkọ baba rẹ̀, ó sọ ti baba-ńlá rẹ̀, ó sọ ẹ̀yà tó ti jáde. Ọlọ́run kò wí pé "ẹ wá kápẹ́ńtà kan wá". Ìyàwó Olówè ṣe díẹ̀ nínú ohun tí Ọlọ́run ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí Jékọ́bù àti Lábánì, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn arákùnrin sitọ́kípà wà. Ogún ọdún ni Jékọ́bù fi sin Lábánì. Lábánì yí owó iṣẹ́ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó bá wo owó nìkan yóò sọ pé Lábánì kò ka ọmọ yìí sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Jékọ́bù ní òun ń relé, òótọ́ tú jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, ní orí 30, ẹsẹ 27: ó jẹ́wọ́ pé òun ti mọ̀ pé nítorí Jékọ́bù ni Olúwa fi bùkún òun. Ó ti mọ̀! Ó mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́. Bí ó sì ti sọ ọ́ tán, ọjọ́ náà gan-an ló tún ya àwọn ewúrẹ́ alámì sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà bọ́ sọ́wọ́ Jékọ́bù.

Nígbà tí arákùnrin wa bi ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀rù ba ọ̀gá. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ lọ ni? Ta ni n ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún tí n ó fi sùn?" Ọ̀rọ̀ wá jáde pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹ́ gbé e lọ síbi tó ga, ọ̀gá yìí ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣírò ọjà kó má dín. Ọ̀gá náà kò kórìíra rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó lé e lórí! Orúkọ tí a kọ ṣáájú nínú ìwé ọ̀tá ni ti ẹni tó mọyì rẹ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ náà.

Kí a sọ òótọ́, inú bí wa sí ọ̀gá yẹn. Kí wọ́n nílò ènìyàn yàtọ̀ sí kí wọ́n bu ọlá fún un, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yẹn yóò fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe òpó tó gbé ilé ró, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbójú sókè wò ó. Ṣùgbọ́n a yọ̀ pé arákùnrin wa ti mọ ohun tó ń bá jà. Jékọ́bù bi Lábánì pé ìgbà wo ni òun ó pèsè fún ilé ti òun, ìbéèrè yẹn náà ni sitọ́kípà wa bi ọ̀gá rẹ̀. Ó mú ọmọkùnrin kan, ó kọ́ ọ ní ìṣirò ọjà fún oṣù mẹ́jọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ níwájú ọ̀gá, wọ́n sì tú u sílẹ̀. A kò kábàámọ̀ àbẹ́là méje yẹn. Bí kò bá wá tàn án, bàbá àgbà kì bá tí rí i.

Ìjọba pàápàá ti rí i pé àìsọ yìí kò dára. Láyé àtijọ́, ọ̀gá a máa kọ ìròyìn ọmọ iṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, yóò dì í pa, ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kò ní fojú kàn án. Ìgbìmọ̀ Udoji, tó jábọ̀ ní 1974, ló dá a lábàá pé kí ìròyìn náà hàn gbangba, kí ọmọ iṣẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá rò nípa rẹ̀. Ó ṣe wá ní ẹ̀rín pé owó Udoji nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Owó náà ti ná tán tipẹ́. Fọ́ọ̀mù tí òṣìṣẹ́ ń kọ iṣẹ́ tirẹ̀ sí kí ọ̀gá tó kọ tirẹ̀ ṣì wà, ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọ ọ́ lọ́dọọdún, ẹ ń buwọ́ lù ú láìkà á. Ẹ máa kà á, ẹ jọ̀wọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kò bá yé yín, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ bèèrè, ẹ wí pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ mi?" Ẹnu kò ní já nítorí rẹ̀.

Lóòótọ́, ìdáhùn lè korò. Arábìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ gbọ́ ìtàn sitọ́kípà yìí, ó yára lọ bi ọ̀gá ilé ìwé tirẹ̀, ó ti ní ìrètí pé oyin ni wọn ó dà sí òun létí. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ọmọ ń sá fún un nítorí ẹnu rẹ̀, pé ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í tètè dé, àti pé ìgbà mẹ́ta ni òbí ti wá fẹjọ́ sùn tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó sunkún dé ilé àdúrà. Ẹni tó ti rò pé ó ń ni òun lára ni ó ti ń bo àṣírí òun! A kò lè sọ fún yín pé ó ti yí padà pátápátá. Ó ṣì ń bínú díẹ̀, sí àwa náà. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń dé lọ́jọ́ Ẹtì, èyí a mọ̀ dájú, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìbínú sọ ọ́ fún wa.

Jékọ́bù tún ní ọgbọ́n kan tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ní orí 31, ẹsẹ 2, ó wo ojú Lábánì, ó rí i pé kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá ti ń fi iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì lé ọ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọn kò fi lé ọ lọ́wọ́ mọ́, bí ìjíròrò bá dákẹ́ nígbà tí o bá wọlé, má dúró di ìgbà tí ìwé yóò dé. Gbàdúrà, kí o sì bèèrè. Ẹni tó gbàdúrà tí kò bèèrè ti fi ìdajì sílẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró síbí. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí a dúró.

Nígbà tí a ń kó ìwé ìrántí yìí jọ, akọ̀wé ìjọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ jáde, èyí tí wọ́n ti ń kọ láti ìgbà tí a wà lábẹ́ àgọ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Orúkọ gbogbo ẹni tó dá pọ́n-ùn méjì wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó dá ṣílè márùn-ún wà níbẹ̀. Orúkọ bàbá kan tó ṣe ìlérí tí kò san án wà níbẹ̀, wọ́n fa ìlà pupa sí i nídìí. A wá ẹni tó kan àga ìwàásù wa, àga tí àwọn wòólì mélòó ti gbá ọwọ́ lé tí kò mì títí di òní. A rí i lójú ewé kẹsàn-án: "Kápẹ́ńtà, £3 10s." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa tí a ti bẹnu àtẹ́ lu Lábánì, àwa tí a ti fi àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù rẹ́rìn-ín! Ní oṣù tó kọjá, a pe arákùnrin tó ń lu agogo ìjọ, a ní kí ó jókòó, a fẹ́ sọ bí a ti mọrírì rẹ̀ fún un. Ìdúró ló dúró. Ó rò pé a fẹ́ gba agogo lọ́wọ́ òun ni, nítorí àwọn àgbà kò pè é rí bí kò ṣe ìgbà tó pẹ́ dé.

Àwọn tó dàgbà jù láàrin wa sọ pé kápẹ́ńtà náà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, pé ọ̀nà Èmùré ló gbà wá, ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì dá bàtà dúdú kan ní. Ìyá kan sọ pé ará Ìsẹ̀ ni. A fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán àga ìwàásù nínú ìwé yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ orúkọ rẹ̀, tàbí tó mọ ilé tó ti jáde, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún akọ̀wé ìjọ kí a tó wọ ìsìn ìdúpẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí a lè kà á pẹ̀lú orúkọ àwọn tó kù.